Àga Tí Kò Gbọdọ̀ Yíjú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá èyí lóhùn: bí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe ìgbéyàwó, ta ni wọ́n ń wá a fún? Ṣé ìyàwó ni? Ṣé ọkọ ni? Àbí bàbá ìyàwó tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun níbi tó jókòó sí?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú bàbá tí mò ń wí.

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba fi ṣe Alákòóso Gbọ̀ngàn Ìlú. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni o. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó rí i pé wọ́n gbálẹ̀, pé iná ń tàn, pé òjò ò jò wọlé. Iṣẹ́ tí obìnrin kan tó ní ìgbálẹ̀ àti ojú tó ríran lè ṣe, kó sì tún ráyè sùn lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bí ọkùnrin yìí ṣe gbé e karí. Tó bá ń bọ̀ wá sí ọ́fíìsì, akọ̀wé rẹ̀ á ti ṣáájú, á máa pariwo pé, "Ẹ dìde! Ẹ dìde!" Ẹni tó ń jẹun á dìde. Ẹni tó ń kọ̀wé á dìde. Ẹni tó dúró lórí àkàbà tó ń pààrọ̀ gílóòbù, á sọ̀kalẹ̀, á jókòó díẹ̀, kó lè rí nǹkan dìde láti orí ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Lójú rẹ̀, Alákòóso ni. Tó bá ti kọjá, Baba Ẹ-Dìde ni.

Akọ̀wé náà ní orúkọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ni wọ́n ń pè é, torí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Bí Alákòóso bá ní, "Oòrùn mú lónìí," Bẹ́ẹ̀-ni-Sà á nu òógùn. Bó bá ní, "Ó jọ pé òtútù fẹ́ mú," ọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan Alákòóso sín. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín tán o. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù, ẹ máa lò ó níwájú.

Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Kì í pàṣẹ. Ìbéèrè ló máa ń bèèrè. Kò ní sọ pé, "Ẹ ti fèrèsé." Á wo fèrèsé títí, á wúkọ́, á ní, "Ǹjẹ́ ó bójú mu kí atẹ́gùn máa wọlé láì kan ilẹ̀kùn?" Kó tó pa ẹnu dé, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ti sáré jáde, ìbéèrè ti di àṣẹ, fèrèsé ti wà ní títì. Tí ooru bá wá fẹ́ pa àwọn èèyàn, tí wọ́n bá ní ta ló ní kí wọ́n tì í, Alákòóso á la ojú sílẹ̀ bí ọmọ tuntun. "Èmi kẹ̀? Mo kàn bèèrè ọ̀rọ̀ ni." Ẹni tó bá ń fi ìbéèrè pàṣẹ, ẹ ṣọ́ra fún un. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ò ní bá ipasẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ó yá, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ àga ṣe bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń ṣe ìpàdé kan nínú gbọ̀ngàn. Alákòóso wà lórí pèpéle, lórí àga gíga tó ní kí wọ́n kàn fún òun, ó ń sọ̀rọ̀ lórí "Ipa Tí Ìkíni Ń Kó Nínú Ìdàgbàsókè Ìlú." Ọ̀rọ̀ náà gùn bí ọ̀nà oko. Ni ẹyẹlé kan bá gba ojú fèrèsé wọlé, ó fò lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó bà lé orí ọkùnrin kan tó ti sùn lọ. Ọkùnrin náà ò jí. Ẹyẹlé náà ò lọ. Ó tún ara ṣe, ó jókòó bí ẹni tó ti san owó ilé. Ẹnì kan yí àga rẹ̀ padà kó lè wò ó dáadáa. Ẹnì kejì yí tirẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti kọ ẹ̀yìn sí pèpéle, Alákòóso sì ń bá ìpàkọ́ sọ̀rọ̀: ìpàkọ́ onírun, ìpàkọ́ olórí pípá, ìpàkọ́ tó ní gèlè.

Kò sun oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe akọ̀wé.

"Akọ̀wé."

"Sà!"

"Ǹjẹ́ ó bójú mu kí àga ìjọba máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tí kò lólúwa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Àní... rárá, sà!"

"Èwo ni ká mú nínú ẹ̀?"

"Èyí tó bá wà lọ́kàn yín, sà!"

Wọ́n bá ránṣẹ́ pe káfíńtà ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá ti wọn pákó. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ní kó fi nọ́ọ̀tì de gbogbo àga mọ́lẹ̀, kí wọ́n kọjú sí pèpéle, kó má sì sí èyí tó lè yí.

Káfíńtà wo ilẹ̀, ó wo àga. "Ọ̀gá akọ̀wé, bí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ò ní kó o ronú."

"Ọ̀nà tó wà láàárín yìí ńkọ́? Ṣé ká fi í sílẹ̀ bó ṣe fẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gbé ìyẹn lọ sókè, ó sì gbé ìbéèrè mìíràn sọ̀kalẹ̀: Alákòóso ń bèèrè pé kí ni ọ̀nà tó fẹ̀ wúlò fún, bí kò ṣe fún àwọn tó fẹ́ sá jáde kí ọ̀rọ̀ tó tán? Ni wọ́n bá fún ọ̀nà pọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Alákòóso wá wò ó, ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan, àga ò mì. Ó tún wúkọ́. "Ohun tí a dè tí a ṣì lè tú, ṣé a ti dè é?" Bí wọ́n ṣe gé orí nọ́ọ̀tì dànù nìyẹn, tí wọ́n da síméńtì sí ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ ò rí i? Labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, a ní kò burú. Èyí wá ní kí igi má kọ ẹ̀yìn sí òun.

Alákòóso yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Ẹni tó wá ń fẹ́ ẹ ni káfíńtà yìí gan-an. Ó wá tún àga àwọn ọmọ iléèwé ṣe, ó tún un ṣe tán, ó ṣì ń padà wá wò ó bóyá ó dúró. Àga wo ni wọ́n ń tún ṣe tí káfíńtà ń wá wò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀? Àwọn ọmọ iléèwé ti mọ̀ kí àwọn òbí tó mọ̀.

Nígbà tí bàbá gbọ́, ó kọ́kọ́ jókòó ná. Lẹ́yìn náà ó ní, "Káfíńtà?"

"Dádì, ọmọ dáadáa ni," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa. Mò ń wo bí wọ́n ṣe máa kà á sókè lọ́jọ́ náà ni." Ó tún ronú. "Kì í ṣe káfíńtà. Ẹnjiníà Pákó ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀ fún àlejò. "Ẹ kú àbọ̀. Àna mi nìyí, Ẹnjiníà Pákó."

Ọmọkùnrin náà á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Káfíńtà ni mí, sà," Alákòóso á sì wúkọ́ bo ìyókù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹni kan ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ìyá ọkọ. Aránṣọ ni. Òun nìkan ló fi ìdí ẹ̀rọ tọ́ ọmọ yẹn dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́ láti ọdún mélòó kan, orí àga onítáyà ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kọṣẹ́. Òun ló rán aṣọ ìyàwó. Aṣọ funfun tó ní ìrù gígùn tó máa ń wọ́ nílẹ̀. Ó rán an, ó tú u, ó tún un rán, ó fi ọwọ́ ṣe etí rẹ̀ yípo. Nígbà tí ìyàwó wọ̀ ọ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn, àyè ò sí láti gbé ẹsẹ̀ méjì.

"Mọ́mì, ó mà rẹwà o," ni ìyàwó wí. "Kí ni mo máa fi san án fún yín?"

"Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ti tẹ sísọ́ọ̀sì mi mọ́lẹ̀," ni ìyá wí. Nígbà tó yá ló wá ní, "Ìyàwó mi, aṣọ tó dúró sójú kan, a ò tíì mọ̀ bóyá ó dára. Ọjọ́ tó bá ń rìn la máa mọ̀. Ṣáà rí i pé wọ́n fi mí síwájú, kí n rí i tó ń bọ̀ wá bá mi."

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Iwájú pátápátá lẹ máa wà. Mo ṣèlérí."

Ìlérí nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ohun tí ọmọ náà fi ń sunkún nígbà tó yá nìyẹn, kì í ṣe kéèkì, kì í ṣe òdòdó.

Wọ́n wá jáde lọ wá ibi ìgbéyàwó. Ìyàwó, ọkọ, ìyá ìyàwó, Alákòóso, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà lẹ́yìn pẹ̀lú tìmùtìmù kan tí ọ̀gá rẹ̀ máa fi dán ìjókòó wò.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ìyá ìyàwó kọjá tààrà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fa omi, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn bóyá ó ń tì. Obìnrin tó lọ́pọlọ nìyẹn. Àlejò lè gbàgbé oúnjẹ tí kò dùn, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ilẹ̀kùn tí kò tì láé. Alákòóso ò wo ìyẹn. Ó ní, "Níbo ni bàbá ìyàwó máa jókòó?" Wọ́n fi hàn án. Tìmùtìmù bọ́ sílẹ̀, ó gúnlẹ̀ sí i. Dígí ńlá kan wà lẹ́yìn àga náà. Ó yíjú díẹ̀, ó rí nǹkan kan tó ń dán yinrin nínú dígí.

"Kí nìyẹn?"

Máníjà ní, "Orí yín ni, sà. Láti ẹ̀yìn."

"Ta ló ní kí wọ́n fi han èèyàn?"

Òtẹ́ẹ̀lì lọ nìyẹn.

Wọ́n dé ọgbà kan létí odò. Koríko tutù minimini, òjìji wà, àga onítáyà lè yí bó ṣe wù ú. Ojú ìyàwó tàn. Alákòóso fa ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà yọ, kó lè mọ bí ohùn òun ṣe máa dún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì" ni, atẹ́gùn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó o sínú odò, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì wọ́ tẹ̀lé e bí ẹni pé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.

"Atẹ́gùn ibí yìí ò lẹ́kọ̀ọ́," ni Alákòóso wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí, ó ti wọ odò dé orúnkún níbi tó ti ń lé ìwé.

Ìyàwó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí iléèwé mi." Ibẹ̀ ló ti ń fọkàn sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìjẹun àwọn ọmọ, ilẹ̀ títẹ́jú, ilẹ̀kùn fífẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kan. Ṣùgbọ́n àga ibẹ̀ jẹ́ àga àwọn ọmọdé. Alákòóso jókòó kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Orúnkún rẹ̀ gòkè dé àgbọ̀n. Ó wò ó, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀ láti àárín orúnkún méjèèjì.

Ìyá ìyàwó fi ìbòrí bo ẹnu. Ọmọ wọn ò lè bo tirẹ̀, ó ti rẹ́rìn-ín.

"A lè yá àga ńlá wá, Dádì!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó fẹ́ dìde, àga náà dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ ìyàwó ló bá a yọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yọ ìṣó lára pákó olówó iyebíye. Bàbá ò dúpẹ́. Ó kàn ní, "Ṣé àwọn ọmọ mi ò rí i pé gbọ̀ngàn wà nílùú yìí?"

Ìbéèrè ti dé.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Ó ti gbọ́ pé Kọmíṣọ́nà máa wá. Kọmíṣọ́nà yìí ni ọ̀gá gbogbo àwọn alákòóso, òun ló ń fi wọ́n jẹ, òun ló ń yọ wọ́n. Alákòóso sì ń fẹ́ ipò tó wà lókè tirẹ̀. Kí ó jókòó lórí àga gíga, kí gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí i, kí Kọmíṣọ́nà wà ní ìlà iwájú kó máa gbé ojú sókè wò ó. Ìgbéyàwó wo ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn?

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Àga ìyá ọkọ mi ò lè gba àárín gbọ̀ngàn yẹn kọjá."

"Ṣé kò ní èèyàn tó máa gbé e ni?"

"Kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun bí àpò ìrẹsì níwájú àna."

"Kó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Atẹ́gùn máa ń fẹ́ níbẹ̀."

"Dádì! Ìyá ọkọ!"

Ìyá rẹ̀ dá sí i. "Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun, ta ló ń ṣègbéyàwó?"

"Ọmọ mi ni."

"Ó dáa. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Mo ti fẹ́ ra òrùka tuntun fún yín."

Bàbá wo òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ò tíì dìde. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n hú ìlà àga kan péré kúrò, Dádì. Ìlà kan."

Ìgbà yẹn ni bàbá gbàgbé láti bèèrè ìbéèrè. Ó nà ró. "Kí n hú àga tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n fi síméńtì dì? Kí wọ́n wá sọ pé kí ni? Pé mo ti yí ọkàn padà?"

Ọmọ náà dìde, ó nu ojú rẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Nígbà tó lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí etí aṣọ, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Kò burú. Màá gbọ́ bó ṣe ń wọ́ nílẹ̀ láti ìta." Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ náà ju kí ó bú òun lọ.

Ọjọ́ pé. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n jókòó bí ọ̀pá ìṣáná nínú páálí. Kò sẹ́ni tó lè yíjú kí ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ìgbà èwe ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí awakọ̀ àti èrò ẹ̀yìn.

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi yẹn?"

"Èmi ni o! O ti sanra."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Gbogbo ohun tí mo ń rí látàárọ̀ nìyẹn."

Ọkọ dúró nísàlẹ̀ pèpéle. Alákòóso wà lókè, ó ti tẹ́ tìmùtìmù lé tìmùtìmù. Ó ti fi Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sí ẹnu géètì pé kó pariwo tó bá ti rí ọkọ̀ Kọmíṣọ́nà àti àwọn ọlọ́pàá tó máa ṣáájú rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Kọmíṣọ́nà ò mú ọlọ́pàá wá? Obìnrin kúkúrú kan ni, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Awakọ̀ rẹ̀ ò rí ibi gbé ọkọ̀ sí, ló bá sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà rí i tó ń bọ̀.

"Ìyá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. À ń retí èèyàn pàtàkì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Kọmíṣọ́nà wí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló ti bá ìyá kan lórí àga onítáyà, tó múra, tó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ẹ kú ìnáwó o. Kí ló dé tẹ́ ẹ wà níta?"

"Èmi ni ìyá ọkọ," ni ìyá náà dá a lóhùn.

"Ìyá ọkọ? Ta ló wá wà nínú ilé?"

"Àlejò." Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má dààmú. Èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó. Mo kàn fẹ́ kó rìn wá bá mi ni, ṣùgbọ́n bó bá ti ibí kọjá, màá rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà dára."

Kọmíṣọ́nà wo inú gbọ̀ngàn, ó wo ìyá náà. Ó kọ́ àpò rẹ̀ sí èjìká, ó di ọwọ́ àga mú, ó ní, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín dáadáa," ó tì í wọlé.

Ó rìn dé ìdajì. Níbẹ̀ ni táyà ọ̀tún wọ abẹ́ àga kan, táyà òsì wọ abẹ́ èkejì. Ó tì í síwájú, ó kọ̀. Ó fà á sẹ́yìn, ó kọ̀. Ní àkókò yẹn ni ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, orin sì bẹ̀rẹ̀, kò sì síbi tí ẹnikẹ́ni máa gbà.

Àwọn èèyàn gbọ́ ariwo lẹ́yìn, wọ́n fẹ́ yíjú. Àga kọ̀. Ẹ wá wo ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí àga bá kọ̀: wọ́n gun orí àga, wọ́n kúnlẹ̀ lé e, wọ́n gbé igbá-àyà lé ẹ̀yìn àga, wọ́n kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Alákòóso tó sá fún ìpàkọ́ lọ́jọ́sí, nǹkan tí wọ́n wá kọ sí i lónìí, mo ti dàgbà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó pọ̀, ó sì wà ní ìlà lọ́nà tó gún.

Kò tètè yé e. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Mo rí i pé ayọ̀ ti gbé yín dìde!"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sáré wọlé, ó ti rí awakọ̀ Kọmíṣọ́nà, ó ti bi í léèrè, ó ti gbọ́ èsì. "Sà! Sà! Ìyá tó ń ti àga yẹn, Kọmíṣọ́nà ni!"

Ẹ ò rí bí àgbà ọkùnrin ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí tìmùtìmù méjì. Ó dé iwájú àga onítáyà, ó tẹ̀ba.

"Kọmíṣọ́nà wa ọ̀wọ́n! Ìràwọ̀ tó ń..."

"Ta ló de àga wọ̀nyí mọ́lẹ̀?" ni Kọmíṣọ́nà bèèrè. Kò gbóhùn sókè.

Ẹni tí a bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó bá gbọ́n, á wo ilẹ̀. Alákòóso wo òkè, ó na ìka. "Ìbéèrè tó ń jó mi lọ́kàn gan-an nìyẹn! Ìwà ìkà! Ìwà ọ̀dájú! Ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí èyí, kò yẹ kó tún jókòó lórí àga ìjọba láé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí.

"Ṣé tinútinú lẹ fi sọ ọ́?" ni Kọmíṣọ́nà bèèrè. "Kó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀?"

"Lónìí! Kí oúnjẹ tó tutù!"

"Ó dáa. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni?"

Ọkọ ìyàwó ti wà nílẹ̀ nídìí táyà, ó ń fi ọwọ́ lásán wá ọ̀nà tó máa gbà tú u. Ó gbé ojú sókè. "Èmi ni mo dè é, mà."

"Mo rí i pé ìwọ lo mú òòlù. Ta ló rán ọ?"

Ọmọkùnrin náà wo Bẹ́ẹ̀-ni-Sà. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ní, "Àṣẹ ló wá, mà."

"Láti ibo?"

"Láti òkè, mà."

Gbogbo gbọ̀ngàn wo àjà.

Alákòóso rí ọ̀nà, ó bọ́ sínú rẹ̀. "Kí la tún ń wá? Ó ti jẹ́wọ́ lẹ́nu ara rẹ̀! Káfíńtà ni! Káfíńtà lásán-làsàn!"

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹnjiníà Pákó ti tán.

Kọmíṣọ́nà wo ọmọ náà pẹ́. "Ọmọ mi, bí o ò bá ní ẹni tí o máa dárúkọ, ìwọ ni mo mọ̀ o. Wàá kó irinṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lónìí."

Ìyá ọkọ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O ò lẹ́nu ni? Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn! Iṣẹ́ tó máa bọ́ ìyàwó rẹ!"

"Màámi, ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ìyàwó ni mo wá gbé. Mi ò wá dójú ti ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀." Ó tún tẹ̀ba sídìí táyà.

Alákòóso gbọ́ ọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Àyè wà fún un níbẹ̀ láti di èèyàn. Ó wúkọ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Ní ẹnu ọ̀nà, ìyàwó kó aṣọ rẹ̀ sókè. Ìyá rẹ̀ ní, "Níbo?" Ọ̀nà ti dí, ló bá gun àga. Àga tí wọ́n fi síméńtì dì, kò mì, ìyẹn nìkan ni ire tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ó ń gba orí ìlà kan bọ́ sórí ìlà kejì, àwọn èèyàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń sún orí sẹ́yìn fún un, ìrù aṣọ náà sì ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga, lórí èjìká, lórí gèlè, ó ń ṣàn bí omi, ojú rírán kan ò já. Ó kọjá ìyá ọkọ rẹ̀, ó lọ díẹ̀ síwájú, ó yíjú padà, ó ń rìn bọ̀ wá bá a. Ìyá aránṣọ gbé ojú sókè wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyàwó dúró lórí àga níbẹ̀, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó wò ó. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró.

"Dádì, ẹni tí wọ́n ń wá, ẹ̀yin ni."